Beaujolais: bí a ṣe ń ra wáìnì pupa yìí, bí a ṣe ń mú un tutù, àti oúnjẹ tó yẹ ẹ́

Bí ẹ bá gbé ìgò Beaujolais sórí tábìlì nínú yàrá tó gbóná tó 30°C, tí ẹ ṣí i, tí ẹ sì bu ú mu bẹ́ẹ̀, ẹ máa rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ ni. Ọtí inú rẹ̀ á máa ta yín nímú, adùn èso á ti sá lọ, kíkan nìkan ló máa kù lẹ́nu. Ẹ ti irú ìgò kan náà bọ omi yìnyín fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó ṣí i, òórùn ṣẹ́rì á ti gba imú yín kan kí gíláàsì tó dé ètè. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé wáìnì pupa kò gbọdọ̀ wọ fíríìjì, wọ́n sì ń fi ìmọ̀ràn yẹn ba ọtí tó dára jẹ́. Ilé ayé àtijọ́ ní Yúróòpù ni ìmọ̀ràn náà ti wá, nígbà tí inú yàrá kì í gbóná ju 16 tàbí 17°C lọ. Kò bá ilé tiwa mu rárá. Kò tilẹ̀ bá ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná ní London mu mọ́.

Nǹkan méjì ló ń pinnu bóyá ẹ máa gbádùn Beaujolais: orúkọ abúlé tó wà lára ìgò, àti bí ọtí náà ṣe tutù tó nígbà tí ẹ bu ú. Owó tí ẹ san wà lẹ́yìn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ilẹ̀ tí àjàrà ti ń hù títí dé orí oúnjẹ.

Ilẹ̀ àti igi àjàrà rẹ̀

Beaujolais wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlú Mâcon, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀bá ìlú Lyon, nǹkan bíi kìlómítà 55. Odò Saône ń ṣàn lápá ìlà-oòrùn rẹ̀. Lápá ìwọ̀-oòrùn, àwọn òkè ló dúró bí ògiri. Ìlú Beaujeu ló fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n Villefranche-sur-Saône ni ìlú tó tóbi jù níbẹ̀ lónìí.

Ilẹ̀ náà pín sí méjì, ìpín yìí ló sì ń ṣàlàyé iye tí wọ́n ń ta ìgò kọ̀ọ̀kan. Ní àríwá, òkúta gíráníìtì tó ti rà di yanrìn ló pọ̀ jù. Kì í jẹ́ kí omi dúró, kò sì lọ́ràá, nítorí náà igi àjàrà kì í so jù níbẹ̀, èyí tó bá sì so máa ń kún fún adùn. Ní gúúsù, amọ̀ àti òkúta ẹfun aláwọ̀ wúrà ló wà níbẹ̀. Òkúta yìí ni wọ́n fi kọ́ àwọn abúlé ibẹ̀, tí wọ́n fi ń pe àdúgbò náà ní Pierres Dorées. Ilẹ̀ gúúsù ń di omi mú, ó ń mú èso wá dáadáa, wáìnì rẹ̀ sì fúyẹ́. Àdúgbò mẹ́wàá tó lókìkí jù, àríwá ni gbogbo wọn wà.

Àjàrà kan ni wáìnì pupa Beaujolais dá lé: Gamay. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Gamay noir à jus blanc, nítorí pé awọ rẹ̀ dúdú, omi inú rẹ̀ sì funfun. Àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé àjàrà méjì, Pinot Noir àti Gouais Blanc, ló bí i. Ní 1395, Philippe le Hardi, Dúùkù agbègbè Burgundy, pàṣẹ pé kí wọ́n hú Gamay kúrò lórí ilẹ̀ òun, torí pé ó ń so púpọ̀, ó sì ń gba ààyè Pinot Noir. Orí gíráníìtì Beaujolais ló wá rí ilé sí. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá yẹn gan-an ló kó o níjàánu, tí kò fi so ju bó ti yẹ lọ mọ́.

Awọ Gamay fẹ́lẹ́. Ohun tó ń mú kí wáìnì pupa fún ẹnu bí obì, èyí tí wọ́n ń pè ní táníìnì, kò pọ̀ lára rẹ̀. Kíkan rẹ̀ sì ṣe kedere. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń tètè rúwé, nítorí náà òtútù oṣù Kẹrin lè jó ọ̀mùnú rẹ̀ run, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní 2021. Òjò yìnyín náà kò mọ ojú: ní 2016 àti 2017, ó já ewé àti èso bọ́ ní Fleurie lọ́dún méjì léra. Bí ẹ bá rí i pé ìgò ọdún bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n tàbí ó gbówó lórí, ohun tó fà á nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń pọn ọn

Ẹ má fo apá yìí, torí pé ibí ni òórùn rẹ̀ ti ń wá.

Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká àjàrà náà, ní ìparí oṣù Kẹjọ tàbí nínú oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé odindi ṣírí ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á da ṣírí náà sínú àgbá ńlá tòun ti igi rẹ̀, láìfọ́ ọ. Ìwúwo àwọn tòkè á fọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀, nǹkan bí ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi á jáde, ìwúkàrà á sì mú kí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bó ṣe ń hó ló ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì jáde, gáàsì náà á kún inú àgbá, á sì lé ọ́síjìn dànù. Àwọn èso tó ṣì wà lódindi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà inú ara wọn di ọtí láìsí ìwúkàrà kankan, títí ọtí inú wọn á fi tó bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Àsìkò yìí ni òórùn ṣẹ́rì, ráṣíbẹ́rì àti òdòdó ń wọ inú rẹ̀. Kíkan líle inú èso náà á dín kù, àti nítorí pé awọ kò tíì fọ́, táníìnì kì í rí àyè jáde púpọ̀. Macération semi-carbonique ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ 4 tàbí 5 fún Nouveau, ìyẹn wáìnì tuntun tí wọ́n ń tà lọ́dún ìkórè rẹ̀ gan-an, tàbí ọjọ́ 10 sí 20 fún wáìnì àwọn àdúgbò mẹ́wàá tó lókìkí yẹn, wọ́n á fún èso náà. Omi tó ń jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìfúntí ṣì dùn fún ṣúgà; paradis ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, wọ́n a sì máa bu ú mu lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, híhó á parí, ọtí á sì sinmi nínú àgbá irin, àgbá símẹ́ńtì tàbí àgbá igi.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá fọ́ èso nígbà ìkórè, kò sí odindi èso tí gáàsì máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Bí àgbá bá gbóná jù, kòkòrò aṣọtídi-kíkan á ráyè, ọtí á sì máa gbọ́ òórùn fínígà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe é kíákíá, tí wọ́n se èso náà dé bíi 60 sí 70°C kí ó tó hó, tàbí tí wọ́n lo ìwúkàrà tí wọ́n dìídì yàn fún òórùn, ẹ máa gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti súìtì tó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Òórùn yẹn ló ba orúkọ Beaujolais jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Jules Chauvet, oníṣòwò wáìnì tó tún jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ní La Chapelle-de-Guinchay, ló fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé èso tó mọ́, ìwúkàrà inú ọgbà fúnra rẹ̀ àti ìwọ̀nba sọ́fọ̀, èròjà tí kì í jẹ́ kí ọtí bàjẹ́, lè mú wáìnì tó péye jáde. Marcel Lapierre, Jean Foillard, Guy Breton àti Jean-Paul Thévenet, gbogbo wọn ní Morgon, tẹ̀ lé ipa ọ̀nà yẹn. Àwọn wọ̀nyí ló dá iyì Beaujolais padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ara ìgò

Ipele mẹ́ta ló wà. Èyí tí wọ́n kọ Beaujolais nìkan sí lára sábà máa ń wá láti gúúsù. Beaujolais-Villages wá láti abúlé 38, òun ni mo sì máa ń gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ rà: owó rẹ̀ kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ jinlẹ̀ jù ú lọ. Ipele tó ga jù ni àdúgbò mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní cru. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé ìgò cru kì í sábà ní ọ̀rọ̀ náà Beaujolais lára. Ẹ máa rí "Fleurie" tàbí "Morgon" gàdàgbà, ó tán. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ mọ orúkọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Láti àríwá sí gúúsù: Saint-Amour, Juliénas, Chénas, Moulin-à-Vent, Fleurie, Chiroubles, Morgon, Régnié, Côte de Brouilly, Brouilly.

Brouilly ló tóbi jù, òun ló sì rọrùn jù láti rí rà. Ó rọ̀, ó kún fún èso pupa, ẹ mu ún láàárín ọdún 2 sí 4. Orí Òkè Brouilly fúnra rẹ̀, tó ga ní mítà 484, ni Côte de Brouilly wà. Òkúta tó ní àwọ̀ búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀, wáìnì rẹ̀ sì nípọn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Régnié ló gba oyè cru kẹ́yìn, ní 1988, kò sì tíì gbówó lórí. Chiroubles ló ga jù lórí òkè, àwọn ọgbà kan níbẹ̀ kọjá mítà 400. Ó fúyẹ́, òórùn òdòdó ló ń ṣáájú, kò sì yẹ kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ́.

Fleurie wà lórí gíráníìtì aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun kì í mu wáìnì pupa torí pé ó ń fún òun lẹ́nu, Fleurie ni kí ẹ bu fún un. Saint-Amour náà rọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ tó dá lórí ìfẹ́ ń mú kí wọ́n rọ́ lọ rà á nígbà àjọ̀dún Valentine; ẹ ra tiyín kí oṣù Kejì tó wọlé. Juliénas le díẹ̀, ó ní òórùn èròjà bíi ata dúdú. Chénas ló kéré jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kì í pọ̀ lọ́jà, ẹni tó bá rí i sì sábà máa ń rà á ní owó tó kéré sí ti aládùúgbò rẹ̀.

Aládùúgbò yẹn ni Moulin-à-Vent. Kò sí abúlé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ ìlọ̀kà àtijọ́ tí atẹ́gùn ń yí, tó dúró láàárín ọgbà àjàrà, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì wà ní Chénas àti Romanèche-Thorins. Mángáníìsì wà nínú ilẹ̀ náà, igi àjàrà kì í fi bẹ́ẹ̀ so níbẹ̀, wáìnì tó ń tibẹ̀ jáde ló sì le jù ní gbogbo Beaujolais. Àwọn kan ń já èso kúrò lára igi ṣírí, wọ́n ń fi sínú àgbá igi óòkù bí wọ́n ti ń ṣe ní Burgundy. Ó lè pé ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó wọ ìgbà rẹ̀.

Morgon ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹ ò sì ní rí mi kí n fi pamọ́. Ní gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ òkè Côte du Py, lẹ́bàá Villié-Morgon, òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà débi pé ọwọ́ lè fọ́ ọ. Roche pourrie ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Morgon ṣì kéré, ṣẹ́rì dúdú ló kún inú rẹ̀. Bó bá ti lo ọdún 5 sí 8, òórùn ilẹ̀ tútù àti ewé gbígbẹ á dé, á sì fẹ́ máa jọ Pinot Noir láti Burgundy ní owó tó kéré gan-an sí ti Burgundy. Bí ẹ bá rí orúkọ Côte du Py lára ìgò, ẹ rà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ìgò wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ fi ìka tọ́ orí kọ́ọ̀kì lábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Bó bá yọ sókè ju ẹnu ìgò lọ, tàbí tí ibẹ̀ ń lẹ̀, ooru ti fẹ ọtí inú rẹ̀, ó sì ti jò. Ẹ má rà á, iye yòówù kí wọ́n dín in kù sí. Ìgò tó dúró lójú fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, tàbí lábẹ́ iná tó gbóná ní orí pẹpẹ, kò yẹ ní rírà bákan náà. Ní ìlú olóoru, mo gbà pé bí ilé ìtajà náà ṣe tutù sí ṣe pàtàkì ju oríṣi ìgò tí wọ́n tò síbẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìwọ̀n ọtí. 12.5 sí 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀. Ọdún tí oòrùn mú gan-an, bíi 2003, 2015, 2018 àti 2020, mú kí àwọn kan kọjá bẹ́ẹ̀. Wáìnì irú ọdún bẹ́ẹ̀ nípọn, ẹ sì gbọdọ̀ mú un tutù díẹ̀ sí i. "Mis en bouteille au domaine" tàbí "à la propriété" túmọ̀ sí pé ẹni tó gbin àjàrà ló rọ ọ́ sínú ìgò. Èyí kò sọ pé ti oníṣòwò ńlá kò dára, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ máa yìn tàbí bá wí.

Bó bá jẹ́ Nouveau tàbí Primeur ni wọ́n kọ sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Wáìnì ìkórè ọdún yẹn gan-an ni, tí wọ́n ń tú sí ọjà ní Ọjọ́bọ kẹta inú oṣù Kọkànlá. Ní 1951 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á ṣáájú ìyókù; láti 1985 ni wọ́n ti fi sí Ọjọ́bọ yẹn. Georges Duboeuf, oníṣòwò wáìnì, ló ṣiṣẹ́ jù láti gbé e káàkiri ayé. Cru kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ Nouveau. Ẹ mu ún kí àjọ̀dún Àjíǹde tó dé. Bí ẹ bá rí Nouveau ọdún tó kọjá lórí pẹpẹ, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú un tutù

Ìwọ̀n tó yẹ nìyí:

- Nouveau àti Beaujolais: 11 sí 12°C
- Beaujolais-Villages, Chiroubles, Brouilly, Régnié: 12 sí 14°C
- Fleurie, Saint-Amour, Juliénas, Chénas, Côte de Brouilly: 14°C
- Morgon àti Moulin-à-Vent: 14 sí 16°C

Bí ìgò bá wà nínú yàrá tó gbóná tó 30°C, ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ nínú fíríìjì kó tó sún mọ́ 14°C. Bí iná kò bá sí, tàbí àlejò ti dé, omi yìnyín yá jù. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó jìn tó ọrùn ìgò. Ẹ da yìnyín kún un dé ìdajì, kí ẹ wá bu omi sí i títí yìnyín yóò fi léfòó. Yìnyín nìkan láìsí omi kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, torí pé afẹ́fẹ́ ló máa wà láàárín yìnyín àti ìgò, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé ooru kúrò kíákíá. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan sí i bí ẹ bá ń kánjú. Iyọ̀ ń jẹ́ kí omi náà tutù kọjá òdo. Ẹ máa yí ìgò náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 12 sí 15, ó ti tó. Ẹ nu ún, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara rẹ̀: ó yẹ kó tutù, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dun ọwọ́.

Bó bá tutù jù, tó sún mọ́ 6 tàbí 7°C, òórùn rẹ̀ á pa mọ́, á sì dà bí omi kíkan. Èyí kò ní wàhálà: ẹ bu ú sínú gíláàsì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di gíláàsì náà mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má gbé ìgò sínú apá tí ń mú nǹkan dì kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wáìnì ń fẹ̀ bó bá dì, ó lè ti kọ́ọ̀kì jáde tàbí kó fọ́ ìgò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀

Ẹ gé ìbòrí rẹ̀ lábẹ́ ètè ìgò. Ẹ fi ẹnu ìṣíkọ́ọ̀kì sí àárín gbùngbùn, ẹ yí i títí yóò fi ku ìlọ́po kan, kí ẹ tó fà á. Bí ẹ bá yí i já ìsàlẹ̀, ègé kọ́ọ̀kì á bọ́ sínú ọtí. Gíláàsì tó fẹ̀ níkùn tó sì ká díẹ̀ lẹ́nu ló dára, ẹ má bu ú kọjá ìdá mẹ́ta gíláàsì, kí òórùn lè rí àyè kó jọ. Ìgò 750 mílílítà á tó gíláàsì márùn-ún. Ní ilẹ̀ olóoru, ẹ máa bu ú díẹ̀díẹ̀, kí ìgò ṣì wà nínú omi tútù, torí pé ohun tó wà nínú gíláàsì á gbóná láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Bó bá ń rùn bíi páálí tó ti rẹ sómi, tí kò sì sí òórùn èso rárá, kọ́ọ̀kì ló kó àrùn bá a. Kò sí àtúnṣe, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tàbí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, ẹ má dà á nù. Afẹ́fẹ́ ló ṣàìní. Ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì, ẹ mì í, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20, ó sábà máa ń lọ. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń fẹ́ di búráùn nígbà tí kò tíì pé ọdún 3, tó sì ń gbọ́ òórùn ápù tó ti gbá lára, ooru tàbí afẹ́fẹ́ ti wọlé sí i. Òórùn fínígà tàbí ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, tó bá ti pọ̀, àrùn ni.

Bó bá ń ta ahọ́n díẹ̀ bí ohun mímu tó ní gáàsì, gáàsì inú àgbá ló kù sínú rẹ̀, pàápàá nínú Nouveau àti wáìnì tí wọn kò fi sọ́fọ̀ sí púpọ̀. Ẹ mì í nínú jọ́ọ̀gì, ó ti tán. Wáìnì tí sọ́fọ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀ yìí, ooru kì í pẹ́ bà á jẹ́, nítorí náà mi ò ní gba ẹni tí kò ní ibi tútù láti kó o sí nímọ̀ràn pé kó ra àpótí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oúnjẹ

Ìlú Lyon ni Beaujolais ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oúnjẹ rìn. Ní àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bouchon, inú ìgò tí ìdí rẹ̀ nípọn, tó ń gba 46 sẹ̀ǹtílítà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pot, ni wọ́n ń bu ú sí. Oúnjẹ wọn lọ́ràá, ó ní iyọ̀, inú ẹran sì pọ̀ nínú rẹ̀: sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ gbígbóná pẹ̀lú ọ̀dùnkún bíbọ̀, rosette, ìyẹn sọ́séèjì gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, andouillette tí wọ́n fi ìfun ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ràn ṣàkì máa mọ rírì tablier de sapeur: ṣàkì afárá oyin ni, tí wọ́n rẹ sínú wáìnì funfun, tí wọ́n yí nínú ẹyin àti búrẹ́dì gbígbẹ, tí wọ́n wá dín. Kíkan Gamay ń gé ọ̀rá náà lẹ́nu, táníìnì rẹ̀ tó kéré kì í sì í bá iyọ̀ jà. Brouilly tàbí Beaujolais-Villages ló yẹ é.

Adìyẹ yíyan àti tọ̀lótọ̀ló yẹ Fleurie àti Saint-Amour. Ní Amẹ́ríkà, Nouveau máa ń dé ọjà ní ọ̀sẹ̀ kan gééré ṣáájú Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ wọn tó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ tó tẹ̀ lé e, ó sì bá tọ̀lótọ̀ló mu gan-an torí pé ẹran rẹ̀ gbẹ, wáìnì tó ń fún ẹnu á tún mú un gbẹ sí i. Àgùntàn, ẹran ìgbẹ́ àti màlúù tí wọ́n fi iná díẹ̀ sè títí ó fi rọ̀, ẹ fi Morgon tàbí Moulin-à-Vent gbé wọn. Ẹja sàmọ́ọ̀nù yíyan lè bá Chiroubles tútù rìn, ohun tí ọ̀pọ̀ wáìnì pupa kò lè ṣe. Pẹ̀lú wáìnì pupa tó le, òróró ẹja á jẹ́ kí ẹnu máa gbọ́ adùn irin. Nínú wàràkàṣì, Saint-Marcellin rírọ̀ àti ti wàrà ewúrẹ́ ló dára jù. Roquefort máa bo Beaujolais mọ́lẹ̀.

Ní ti ata wa, òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọtí ń mú kí ata jó sí i, táníìnì sì ń mú un burú sí i. Nítorí náà, ẹ yan èyí tí ọtí rẹ̀ kò kọjá 12.5, kí ẹ mú un tutù dé 11°C. Súyà tí yájì rẹ̀ kò le jù, àsun, gìzàdòdò àti ẹran díndín á bá a mu dáadáa. Adùn èso pupa inú rẹ̀ ń tu ẹnu lára. Ọbẹ̀ ata tó ń mú omi jáde lójú kò bá wáìnì kankan mu. Kéèkì àti àkàrà òyìnbó náà kò bá a mu, ṣúgà wọn á mú kí ọtí náà kan gbáá.

Èyí tó bá kù

Ẹ dá kọ́ọ̀kì padà, ẹ gbé ìgò sínú fíríìjì lóòró. Ó máa pé ọjọ́ 2 tàbí 3. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi se adìyẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tó ti di fínígà sè é, torí pé iná kì í tún un ṣe.

Fún ènìyàn mẹ́rin: adìyẹ kan tó tó kílò 1.5, ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ nu ún gbẹ. Ẹ fi bọ́tà gíráàmù 30 àti òróró ṣíbí kan dín in títí ara rẹ̀ á fi pọ́n, ní ìpín méjì. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, omi ló máa sun jáde, kò ní pọ́n. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dín àlùbọ́sà kéékèèké 12, olú gíráàmù 200 àti aáyù méjì nínú ọ̀rá yẹn. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun ṣíbí kan sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ da Beaujolais mílílítà 500 lé e. Ẹ jẹ́ kó hó láìbò ó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó bá fo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí, ọbẹ̀ rẹ̀ á kan, á sì máa ta imú. Ẹ dá adìyẹ padà pẹ̀lú ewé táìmù, ewé béè méjì àti iyọ̀, ẹ bò ó, ẹ dín iná kù, kó wà níná fún ìṣẹ́jú 45 sí 60. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù tí kò ní ìbòrí nínú. Kíkan wáìnì ń jẹ ẹ́, ọbẹ̀ á sì máa gbọ́ òórùn irin. Bí ọbẹ̀ bá ṣì ṣàn, ẹ kó adìyẹ sínú àwo, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ nìkan hó títí á fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí. Ọ̀dùnkún bíbọ̀ ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ ní Beaujolais. Ìgò Juliénas tàbí Morgon tí ẹ mú dé 14°C ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.